Pijó Tó Ti Mu Omi

Nùrẹ́nì aláṣọ ti Wadata ní Niamey, olú ìlú Niger, kò ní mọ́tò rí láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ti wa mọ́tò kó tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wá sí Niamey, ní gáréèjì, níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ àti àwọn àbúrò bàbá ẹ̀, ló ti lanu pé, "Ẹ wò mí dáadáa o! Ẹ ò ní fojú kàn mí mọ́ àfi nínú mọ́tò ara mi!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ta ni ò ní pàtẹ́wọ́? Ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, Nùrẹ́nì ò dé ilé mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, Iléyá ń gorí Iléyá, mọ́tò ò dé.

Ì bá má burú tó bẹ́ẹ̀ ká ní òun nìkan ló há sí Niamey. Ìyá ẹ̀ ló há mọ́ ọn. Ràhámọ̀tù lorúkọ ìyá náà, ó wá wẹ ọmọ fún Kúbúrátù ìyàwó Nùrẹ́nì nígbà tó bí Zubaidat. Ó ní òun máa lo oṣù mélòó kan, òun á sì padà lọ bá Àsíátù, àbúrò òun tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Zubaidat tó wá wẹ̀ náà ti dàgbà, ó ti ń lọ bá ọmọkùnrin sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé, ìyá àgbà ṣì wà ní Wadata tó ń bú oòrùn. Gbogbo ìgbà tó bá ní òun fẹ́ relé, Nùrẹ́nì á ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká ní mọ́tò ná. Ṣé inú lọ́rì alálùbọ́sà ni kí ìyá èmi Nùrẹ́nì jókòó sí?" Ìyá á ní, "Èmi ò sọ pé àlùbọ́sà ń bí mi nínú." Kó tó sọ ọ́ tán, Nùrẹ́nì á ti gba ọjà lọ.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹsẹ̀ ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó pe ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó ní, "Nùrẹ́nì, Iléyá tó ń bọ̀ yìí, ilé ni màá ti jẹ ẹran ẹ̀. Mo lè má rí òmíràn mọ́. Bí mo bá kú síbí, tẹ́ ẹ sì rì mí mọ́ inú yanrìn yìí, àdúrà yòówù tẹ́ ẹ bá gbà lórí mi, mi ò ní ṣàmín." Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù bà á. Ó mọ ìyá ẹ̀. Bó bá ní òun ò ní ṣàmín, kò ní ṣe é.

Ìgbà ìjọba ológun nìyẹn, ìgbà tí wọ́n ń wa òkúta yùréníọ̀mù ní Arlit tí owó ń ti ibẹ̀ ṣàn wá sí Niamey. Bí àbúrò ìyàwó èèyàn bá sáà ti ń gbé oúnjẹ fún àwọn Faransé ní Arlit, olúwa ẹ̀ ti di onímọ́tò. Láti àárọ̀ ni rédíò á ti máa kọ orin ológun, á ní kí aráàlú ṣiṣẹ́ kára, kí wọ́n má fi nǹkan ìlú ṣòfò. Nígbà tó bá di ọ̀sán, àwọn ọ̀gá tó sọ ọ̀rọ̀ náà á gba iwájú ọjà kọjá nínú mọ́tò tuntun, eruku ẹ̀ á sì bo tòmátì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kára. Nùrẹ́nì á gbọn eruku kúrò lórí gínnì ẹ̀, á wò wọ́n lọ títí, á mí kanlẹ̀.

Nínú ọ̀sẹ̀ tí ìyá sọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Ousmane yọ sí i. Ẹ̀yà Zarma ni, dírẹ́bà tó ń bá àwọn ọ̀gá ta mọ́tò tí wọ́n bá ti lò sú. Gbogbo ọkùnrin tó bá wọ agbádá ni Alhaji lójú ẹ̀. Nùrẹ́nì ò dé Mẹ́kà rí, kò tilẹ̀ dé Sókótó, ṣùgbọ́n kò bá a jiyàn. Èdè Haúsá ni àwọn méjèèjì fi ń ná ọjà.

"Alhaji," Ousmane wí, "Pijó kan rè é. Ọ̀gá tó ni ín ti gba tuntun lọ́wọ́ ìjọba. Ó ní kí n sáà bá òun gbé e kúrò nílẹ̀."

Pijó funfun ni, ó ń dán. Iye tí Ousmane pè é kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń ta ẹgbẹ́ ẹ̀. Nùrẹ́nì sún mọ́ ọn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó. Òórùn tùràrí ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ó ṣe háà nínú ara ẹ̀. Ìgbà wo ni òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fín tùràrí sí mọ́tò? Ó tún fa imú, ó gbọ́ òórùn káńfọ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, òórùn ẹrẹ̀ odò sì wá láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún aṣọ àga wò, bó ṣe máa ń ṣe fún gínnì. Aṣọ náà le gbagidi. Ẹ̀kọ ni! Ẹnì kan ti fi omi ẹ̀kọ rin aṣọ àga mọ́tò! Díẹ̀ ló kù kí Nùrẹ́nì bú sẹ́rìn-ín, kó sì béèrè ilé ẹni náà kó lọ kí i.

Ẹ ò gbọdọ̀ fojú burúkú wò ó. Kò sí aláṣọ tó ń kó ẹrù gba orí odò ní Gaya tí omi ò bá wọ àpò ẹrù ẹ̀ rí. Aṣọ olómi ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Wọn kì í dà á nù. Wọ́n á sá a sí afẹ́fẹ́, wọ́n á rì í sínú omi ẹ̀kọ, wọ́n á fi igi lù ú títí á fi máa dán, wọ́n á ká a mọ́ káńfọ̀, wọ́n á fín in ní tùràrí. Bí o bá tú u níwájú oníbàárà, á máa dún gbàràgbàrà bíi tuntun. Kí oníbàárà tó fọ̀ ọ́ nílé, ó ti di tiẹ̀. Nínú gbogbo Yorùbá tó wà ní Niamey, kò sí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dáa tó ti Nùrẹ́nì nídìí iṣẹ́ yìí. Ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ.

"Ousmane, omi gbé mọ́tò yìí."

"Kai, Alhaji! Wallahi, òjò lásán ni."

"Òjò tó ń rọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè?"

Ousmane wò ó, ó sì kú sẹ́rìn-ín. Ó jẹ́wọ́. Ọ̀gá náà gbé mọ́tò sí ẹ̀bá odò nígbà òjò, ó lọ kí ẹni tí kò yẹ kó lọ kí. Omi wá bá mọ́tò níbẹ̀, ó ga dé orí àga, kò sì tètè lọ. "Ṣùgbọ́n ó ti gbẹ, Alhaji. Ó ń ṣiṣẹ́." Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dún, ó ń ṣe rírìrí. Kò sí àléébù kan tí etí lè gbọ́.

Ibi tí ọlọ́gbọ́n á ti ṣu agbádá ẹ̀ sójú kan kó sì sá lọ, ibẹ̀ ni Nùrẹ́nì ti tẹ́ tiẹ̀ jókòó. Ó ti rí ẹ̀sùn tó máa fi já owó wálẹ̀. Ó sì ti ń wí nínú ọkàn ẹ̀ pé, kí ni omi tún jẹ́ lójú òun? Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ bá omi jà nínú gínnì àti léèsì, ṣé irin ló máa bà á lẹ́rù? Irin tó le ju aṣọ lọ! Ousmane fúnra ẹ̀ ló tún sọ pé kó mú mẹkáníìkì wá wò ó, nítorí Ọlọ́run.

"Mẹkáníìkì?" Nùrẹ́nì yọ ṣùtì. "Ṣé mẹkáníìkì ló máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbẹ nǹkan tó tutù?"

Wọ́n ná an, wọ́n ná an, owó já. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé kí mọ́tò wà níwájú ilé Nùrẹ́nì títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó sanwó, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ousmane lọ. Nùrẹ́nì jókòó sínú mọ́tò, ó di ìdarí mú, ó la ojú sílẹ̀ ó ń lálàá. Ó rí ara ẹ̀ tó ń wọ agbo ilé wọn, tó ń fọn fèrè, ìyá lẹ́yìn, agbádá ń yọ lójú fèrèsé. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà á tún pa á. Bí mọ́tò bá dé abẹ́ igi máńgòrò, kó kú síbẹ̀ bó bá fẹ́. Òkú mọ́tò náà, mọ́tò ni.

Nígbà tí Kúbúrátù gbọ́, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Bàbá Zubaidat, mọ́tò tó mọ odò wẹ̀ lẹ fẹ́ rà? Ṣé orí omi lẹ fẹ́ gbà relé ni?"

"Kí ni obìnrin mọ̀ nípa mọ́tò?"

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Ẹ̀yin ni mo mọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí Ìyá wọ ọkọ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń wọ̀ ọ́. Ẹ mú wọn lọ sílé. Ta ló tún rántí ohun tí ẹ sọ ní gáréèjì látọjọ́ náà?"

"Èmi rántí," Nùrẹ́nì wí. "Ikú yá ju ẹ̀sín."

Kúbúrátù pòṣé. Òṣé náà gùn débi pé wọ́n á gbọ́ ọ ní àdúgbò Poudrière.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Nùrẹ́nì bọ́ agbádá, ó ká ṣòkòtò, ó dojú iṣẹ́ kọ mọ́tò. Ó tú gbogbo àga síta, ó sá wọn sóòrùn, ó fi igi lù wọ́n gbì, gbì, gbì, bó ṣe ń lu aṣọ. Ó kó ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ rọ́gì jáde. Ẹja kékeré kan tó ti gbẹ já bọ́ láti abẹ́ àga ẹ̀yìn. Kúbúrátù mú un nírù, ó gbé e sókè fún àwọn ará ilé wò, ó ní, "Ẹ ò rí i, mọ́tò yìí láájò. Ó ti gbé ọbẹ̀ wá fún wa." Nùrẹ́nì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ń da tùràrí sínú ẹyin iná.

Ibi tí ọ̀ràn ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an rè é. Bí Yorùbá bá bá ọkùnrin tó ń nu mọ́tò níwájú ilé ẹ̀, kò ní bi í pé ṣé ó ti sanwó. Ó máa kí i ni. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọjá ní, "Há, Nùrẹ́nì, ẹ kú orí ire o! Ẹ ó lò ó pẹ́ o!" Kí ni kó sọ? Bó bá ní òun ò tíì rà á, ṣebí á dà bíi pé ó ń kọ àdúrà. Ó ní, "Àmín o." Ẹni kejì dé, ó ní ẹ̀mí onímọ́tò ò ní ṣègbé, Nùrẹ́nì tún ní, "Àmín." Ẹnì kan tó ń gbé àdúgbò Dar es Salam ní Niamey níbẹ̀ sọ ọ́ délé, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì bọ̀ pẹ̀lú ariwo. Kí oòrùn tó wọ̀, Nùrẹ́nì ti fi àmín ra mọ́tò tán, owó ló kù.

Àlùfáà Bẹ̀llò náà ránṣẹ́. Ará Ìlọrin ni, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní kéwú ní àdúgbò, kì í sì í jẹ́ kí ohun ayọ̀ kankan kọjá láìjẹ nínú ẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òun ń bọ̀ wá fi àdúrà ṣí mọ́tò, kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, kí wọ́n sáà se ìrẹsì díẹ̀. Kúbúrátù se ìrẹsì náà. Ó ń rò ó, ó ń ṣépè fún un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, èrò kún iwájú ilé. Ousmane wà lára wọn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń retí owó. Wọ́n gbé Ìyá Ràhámọ̀tù jáde, ó wọ aṣọ òfì ẹ̀, ó ta ìborùn funfun, wọ́n sì gbé e sí àga ẹ̀yìn kí àdúrà lè bá a níbẹ̀. Nùrẹ́nì ti kéde pé, "Mọ́tò ìyá mi ni. Torí tiwọn ni mo ṣe rà á." Àwọn èèyàn ní ọmọ ló bí. Ìyá ń fa imú.

Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí jàǹdámù kan, ọlọ́pàá ológun wọn, fi gun alùpùpù ẹ̀ dé, tòun ti ìbọn. Àwọn ológun ò fẹ́ràn kí èèyàn pọ̀ lójú kan láyé ìgbà náà. "Ìpàdé kí lẹ ń ṣe?" ó bi wọ́n ní Faransé.

"Ọ̀gá, kì í ṣe ìpàdé," Àlùfáà Bẹ̀llò yára dáhùn. "Mọ́tò ni."

Jàǹdámù wo mọ́tò. Ó yí i po. Ó fi ọwọ́ pa á lára, ó wo ojú ara ẹ̀ nínú dígí. Ó pa alùpùpù, ó ṣí fìlà, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ gba àdúrà.

Àlùfáà Bẹ̀llò mọ àdúrà gbà, kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dá a dúró. Ó ti orí Ànábì Ádámọ̀ bọ̀. Nígbà tó dé orí Ànábì Núhù, ohùn ẹ̀ lọ sókè, ó ní, "Ọlọ́run tó kó ọkọ̀ Núhù yọ nínú omi, kó kó ọkọ̀ yìí náà yọ nínú omi!" Kúbúrátù wú ikọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn yòókù ní àmín. Àmín ti jàǹdámù ló ròkè jù.

Bí wọ́n ṣe fọwọ́ ra ojú, ìyá kan fèrèsé mọ́tò kọ́ kọ́. "Nùrẹ́nì, wọlé wá. Tilẹ̀kùn."

Ó wọlé, ó tì í. Ariwo ìta rẹlẹ̀.

"Ta ló fi ẹ̀kọ rin àga yìí?" ìyá bi í.

"Bí mo ṣe bá a nìyẹn, Ìyá."

"Ó ti ki jù. Ọ̀bùn ló ṣe é. Omi mu ún dé ibo?"

Ó fẹ́ purọ́. Ó wo ojú ìyá ẹ̀, irọ́ náà ò jáde. "Dé orí àga."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ṣé ó máa gbé wa délé?"

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Mi ò bi Ọlọ́run. Ìwọ ni mo bi."

Nùrẹ́nì fi ọwọ́ nu orí ìdarí. Ó ní, "Ó lè gbé wa dé. Ó sì lè dákẹ́ sọ́nà. Bó bá dákẹ́, a ó ní kí lọ́rì fà á dé ẹ̀yìn ìlú. Àwa á wá wọnú ẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á tì í kó lè..." Òun fúnra ẹ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún.

Ìyá ò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún Nùrẹ́nì. "Nígbà tí mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ olómi," ó wí, "àwọn wo ni mo ní o ò gbọdọ̀ tà á fún láé?"

"Ẹni tó ń ra aṣọ ìyàwó. Àti ẹni tó ń ra aṣọ òkú."

"Kí ló dé?"

"Torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Kò sí pé wọ́n á padà wá gba òmíràn."

"Ọ̀nà ilé tí mo fẹ́ lọ yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ni màá tún lọ ọ́?"

Nùrẹ́nì sáà ń wo ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ tó wú, tó tẹ́ sórí ẹní tí òun alára tẹ́ bo ibi tí irin ti dógùn-ún. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín."

"Ikú ta ni? Ẹ̀sín tìẹ, ikú tèmi? Ìwọ ọmọ yìí, o ya ọ̀dájú!" Ìyá rẹ́rìn-ín, eyín tó kù lẹ́nu ẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bà á léjìká. "Gbọ́, èmi fẹ́ délé. Ìwọ, o fẹ́ kí ilé rí ọ. Kì í ṣe ohun kan náà. Mo ti dúró dè ọ́ tó. Lọ́la, mo ń lọ sí gáréèjì. Ìbáà jẹ́ lọ́rì àlùbọ́sà, ìbáà jẹ́ ti ewúrẹ́, màá wọ̀ ọ́. Bí o bá fẹ́ sìn mí, sìn mí. Bí o ò bá fẹ́, jókòó ti mọ́tò ẹ, kó o máa sá a."

Ojú ti Nùrẹ́nì dé ọkàn. Ó rí i pé gbogbo ọdún tí òun fi ń pariwo pé òun ò lè gbé ìyá òun sínú lọ́rì, ara òun ni òun ń gbà sílẹ̀. Ó fi etí agbádá nu ojú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó la àárín èrò kọjá, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ Ousmane.

"Mi ò rà á mọ́."

"Há!" gbogbo ilé pariwo. Ousmane ní kí ló ṣẹlẹ̀, Alhaji? Ẹnì kan ní ọ̀tá ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Àlùfáà Bẹ̀llò ló bínú jù. "Nùrẹ́nì, mo ti gbàdúrà! Ibo lo fẹ́ kí n gbé e sí? A kì í gba àdúrà padà lọ́wọ́ Ọlọ́run!"

Ibẹ̀ ni jàǹdámù ti sún mọ́ Ousmane. "Èló ni?" Ousmane pe iye kan fún un, kì í ṣe iye tó pè fún Nùrẹ́nì o. Jàǹdámù rò ó, ó kọjú sí Nùrẹ́nì. "Ìwọ aláṣọ, kí ló dé tí o fi í sílẹ̀? Ṣé kò dáa ni?"

Ousmane ń fojú bẹ Nùrẹ́nì. Ọ̀rọ̀ ológun ò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, irọ́ sì ti sú Nùrẹ́nì lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má rà á. Omi ti mu ún dé orí àga."

Jàǹdámù wò ó, ó wo mọ́tò tó ń dán. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìka gún un láyà. "Yarabawa! Ẹ̀yin Yorùbá! Mo mọ̀ yín! Ẹ fẹ́ lé mi kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó padà wá rà á ní pọ́ọ́kú!" Ó bá Ousmane lọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, ó bọ̀ tòun ti kọ́kọ́rọ́. Àlùfáà Bẹ̀llò yára gbé ọwọ́ sókè, ó sọ fún Ọlọ́run pé orúkọ ẹni tó ni mọ́tò ló yí padà, gbogbo ìyókù ṣì wà bó ṣe wà. Wọ́n tún ṣàmín. Jàǹdámù ní kí wọ́n bá òun ṣọ́ alùpùpù òun, ó sì wa mọ́tò lọ. Ibi tó wà á dé kò kan ìtàn yìí. Kúbúrátù gbé ìrẹsì jáde, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè pé ìrẹsì kí ni.

Nígbà tó dọjọ́ kejì, Kúbúrátù jókòó ti ìsọ̀, àwọn méjèèjì wọ lọ́rì. Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni wọ́n gbé ìyá sí. Orí àpò àlùbọ́sà ni Nùrẹ́nì wà, ó fi ìborùn wé fìlà mọ́rí. Wọ́n gba Dosso, wọ́n gba Gaya sọdá odò, wọ́n wọ lọ́rì mìíràn ní ilẹ̀ Dàhòmì, òmíràn tún gbé wọn dé Ìlọrin. Eruku ọ̀nà ò mọ ẹni tó ń jẹ́ aláṣọ. Nígbà tí wọ́n máa fi sọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, agbádá Nùrẹ́nì ti pọ́n láti ọrùn dé ẹsẹ̀, irùngbọ̀n ẹ̀ ti pọ́n, òórùn àlùbọ́sà sì ń ṣáájú ẹ̀ lọ. Ní gáréèjì tó ti lanu lọ́jọ́sí, kò sí ẹni tó bojú wò ó. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ti tú ká, àwọn míì ti kú.

Ó gbé àpótí ìyá ẹ̀ rù. Ìyá mú ọ̀pá, ó ṣáájú. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ agbo ilé ni ẹsẹ̀ Nùrẹ́nì ń falẹ̀. Ó ń ro ohun tó máa sọ bí wọ́n bá bi í pé mọ́tò dà. Àwọn ọmọdé tí kò mọ̀ rí ń wò wọ́n.

Ìyá kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Àsíátù ni. Ó gbójú sókè, atẹ ẹ̀gúsí sì dànù. "Ràhámọ̀tù? Ìwọ arúgbó yìí, o ò tíì kú?"

"Mi ò tíì kú o! Ìwọ náà, kí lò ń dúró ṣe láyé?"

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bú ara wọn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́ ni Àsíátù nu ojú ẹ̀ tó rí ọkùnrin tó dúró ti àpótí lórí. Ó tú ìdí aṣọ, ó yọ owó síta. "Alábàárù, o ṣeun, ọmọ mi. Sọ ẹrù kalẹ̀. Gba owó ẹ, kó o máa lọ."

Ìyá Ràhámọ̀tù ya ẹnu, ó sì pa á dé. Ó wo ọmọ ẹ̀, ó ń dúró.

Gbogbo ohun tí Nùrẹ́nì ti ń kó jọ láti sọ lójú fèrèsé mọ́tò láti ọdún wọ̀nyí, kò rí ọ̀kan mú nínú ẹ̀. Ó sọ àpótí kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba owó náà. Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹ̀gúsí tó dànù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá. Nùrẹ́nì ni."

Àsíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò lójú ẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún, ọwọ́ ẹ̀ sì dúró. "Àdìsá?" ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi igbe ta tí gbogbo agbo ilé fi sáré jáde. "Àdìsá! Ẹ wá o, Àdìsá mi ti dé! Àdìsá ti dé o!"

Láti ìgbà tó ti wà ní Niamey, kò sí ẹni tó pe Nùrẹ́nì ní oríkì ẹ̀ rí báyìí. Wọ́n ń bọ̀ láti yàrá gbogbo, wọ́n yí i ká, kò sí ẹnì kan tó wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá mọ́tò wà níbẹ̀. Àsíátù ní kó dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. Kò dìde. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀.